Obìnrin Tó Buwọ́ Lu Ògiri Tí Kò Rí

Obìnrin tí ìtàn yìí dá lé lórí kò mutí rí. Kò jalè, kò gba ọkọ ọlọ́kọ. Iṣẹ́ gidi ló ń ṣe, ó sì mọ̀ ọ́n ṣe. Ohun tó jẹ́ kó pẹ́ kó tó rí Jésù gan-an nìyẹn. Ẹni tó já sí kòtò á lọgun kí wọ́n wá fà á jáde. Ẹni tó jókòó sórí àga tìmùtìmù, ta ló fẹ́ lọgun pè?

Ilé iṣẹ́ tó ń yá àwọn ènìyàn lówó ra ilé ló ti ń ṣiṣẹ́. Bí o bá níṣẹ́ lọ́wọ́, ṣùgbọ́n tí owó rẹ kò tó ilé rà lẹ́ẹ̀kan, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni wàá gbà lọ. Á yẹ ìwé rẹ wò, wọ́n á yẹ ilé náà wò, ilé iṣẹ́ rẹ̀ á sanwó fún ẹni tó ń tà á, ìwọ á kó wọlé, wàá sì máa san án díẹ̀díẹ̀ títí irun orí rẹ á fi máa funfun. Bí o kò bá san án, wọ́n á gba ilé wọn. Bó ṣe rí nìyẹn.

Ìyá Kọ́kọ́rọ́ ni tàgbà tèwe ń pè é, nítorí òun fúnra rẹ̀ ló máa ń gbé kọ́kọ́rọ́ lé oníbàárà lọ́wọ́. Kì í rán ẹnikẹ́ni. Á wọ aṣọ tó dára, á dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé tuntun, á ní, "Ó yá, ẹ wọlé. Ẹ ti kúrò ní ayálégbé." Ọkùnrin onírùngbọ̀n á bú sẹ́kún níwájú rẹ̀ bí ọmọ tí wọ́n já lẹ́nu ọmú. Ayọ̀ á kún Ìyá Kọ́kọ́rọ́ dé àtàǹpàkò ẹsẹ̀.

Kò sí ohun tó burú nínú ayọ̀ yẹn o. Ẹni tó bá bá ọmọ ènìyàn wá òrùlé, ó yẹ kínú rẹ̀ dùn. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wọ́ ni pé ara rẹ̀ ló ń dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀. Ó gbé fọ́tò gbogbo ilé náà kọ́ ara ògiri ọ́fíìsì rẹ̀, ó lé ní igba. Láràárọ̀ ló ń nu eruku orí wọn, á sì máa kọrin tó fúnra rẹ̀ ṣe:

Èmi ni mo fún wọn nílé,
Èmi ni mo lé òjò lórí wọn.
Bí kò bá sí tèmi,
Ta ni ì bá ṣílẹ̀kùn?

Ọkùnrin àgbàlagbà kan wà tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́, òun ló ń bá wọn yẹ ilé wò. Bàbá Kókókó ni wọ́n ń pè é, torí bó bá ti dé ilé kan, á ká ìka rẹ̀ kò, á máa kan ògiri, kó, kó, kó, á dẹtí sí i, á mọ èyí tí sìmẹ́ǹtì inú rẹ̀ pé àti èyí tí wọ́n fi iyanrìn tan jẹ. Ó gbẹ bí igi ìgbálẹ̀, ó sì fẹ́ràn Jésù débi pé kò lè fi í pamọ́.

"Ìyá Kọ́kọ́rọ́," á ní, "gbogbo ayé lẹ ti fún nílé tán. Tiyín ńkọ́?"

"Tèmi? Mo ti san tèmi tán tipẹ́, Bàbá. Ẹ lọ wo ìwé."

"Ti bíríkì kọ́. Ọkàn yín ni mo ń bèèrè. Níbo ló ń gbé?"

"Inú mi ló ń gbé. N kì í gba owó ilé lọ́wọ́ ẹ̀."

Bàbá á rẹ́rìn-ín títí tí ikọ́ á fi gbé e. "Mo fẹ́ràn ẹnu yín yìí. Jésù náà á fẹ́ràn ẹ̀, bó bá lè rí i gbà."

"Kó kọ́kọ́ lọ gba ti àwọn ọ̀mùtí. Èmi ò ṣẹ ẹnikẹ́ni. Lọ́jọ́ tí mo bá dé ọ̀run, kí wọ́n kó gbogbo ìwé tí mo ti buwọ́ lù jáde, kí wọ́n fi àṣìṣe kan ṣoṣo hàn mí níbẹ̀."

Kò sì purọ́, títí di ọjọ́ yẹn.

Aránṣọ kan ló wá, opó ni, òun àti ìyá rẹ̀ tó ti darúgbó ló ń gbé pọ̀. Ilé kékeré kan ni wọ́n fẹ́ rà ní ìsàlẹ̀ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ kan. Bàbá Kókókó lọ yẹ ilé náà wò lọ́jọ́bọ̀. Ó kan gbogbo yàrá. Ṣùgbọ́n wọ́n ti ti ẹ̀yìnkùlé pa, ẹni tó ni kọ́kọ́rọ́ ibẹ̀ kò sì sí nílé. Bàbá buwọ́ lu ohun tó rí nínú fọ́ọ̀mù, ó wá kọ bébà pélébé kan, ó fi pín-ìn-nì há a mọ́ ọn: "Ó ku ògiri ẹ̀yìn. Ẹ jẹ́ ká padà lọ lọ́jọ́ Ajé."

Ní ìsàlẹ̀ fọ́ọ̀mù náà, ìlà kan wà tó jẹ́ ti Ìyá Kọ́kọ́rọ́ nìkan: Mo ti dé ilé yìí, mo sì ti fojú ara mi rí i.

Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, àwọn ọ̀gá nídìí iṣẹ́ wọn fẹ́ fún ẹni tó fi ìdílé tó pọ̀ jù lọ sínú ilé lọ́dún náà ní àmì ẹ̀yẹ. Iye ilé Ìyá Kọ́kọ́rọ́ àti ti ẹnì kan ní ẹ̀ka mìíràn dọ́gba; ilé kan péré ló kù kó fi jù ú lọ. Bó bá dúró dọjọ́ Ajé, pàtẹ́wọ́ á ti ré e kọjá.

Ó wo bébà pélébé náà. Ó ní, "Bàbá yìí náà fẹ́ràn ìfòyà jù. Ilé tí iwájú rẹ̀ dára, ẹ̀yìn rẹ̀ á dára." Ó yọ pín-ìn-nì, ó ju bébà náà sínú dúrọ́ọ̀, ó buwọ́ lùwé. Kò dé ibẹ̀ rí. Kò mọ àwọ̀ ilẹ̀kùn ilé náà pàápàá.

Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un lọ́jọ́ Àbámẹ́ta. Ó jó títí gèlè rẹ̀ fi tú.

Oṣù mẹ́rin lẹ́yìn náà, òjò rọ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta láìdá. Lọ́sàn-án ọjọ́ kẹta, ògiri ẹ̀yìn wó lu yàrá tí aránṣọ gbé ẹ̀rọ rẹ̀ sí. Ìyá àgbà ló wà níbẹ̀, ó ń rán bọ́tìnnì mọ́ aṣọ. Ẹ̀mí rẹ̀ kò bọ́, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ rẹ̀ kan kán síbi méjì.

Máníjà pe Bàbá Kókókó àti Ìyá Kọ́kọ́rọ́. Ó ṣí fáìlì. "Bàbá, ẹ̀yin lẹ buwọ́ lù ú pé ilé dára."

"Mo há bébà kan mọ́ ọn, sà. Mo ní ó ku ògiri ẹ̀yìn."

Wọ́n tú fáìlì náà títí, wọn ò rí nǹkan kan. Máníjà yíjú sí Ìyá Kọ́kọ́rọ́. "Ṣé o rí bébà kankan?"

Ọ̀rẹ́ mi, ìṣẹ́jú yẹn ni kí o wò dáadáa. Ènìyàn lè ṣe rere fún ogún ọdún, kí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo wá fi ohun tó wà nínú rẹ̀ hàn.

Ó ní, "Rárá, sà. Mi ò rí i."

Bàbá Kókókó wò ó. Ó mú fìlà rẹ̀, ó jáde. Ó ku oṣù mẹ́fà kó fẹ̀yìntì. Wọ́n ní kó máa lọ báyìí, láìgba kọ́bọ̀ owó ìfẹ̀yìntì.

Ìyá Kọ́kọ́rọ́ ṣe ojú fúrú. Ó ní kò séwu. Ọjọ́ kejì, aránṣọ náà wọ ọ́fíìsì rẹ̀, amọ̀ ṣì wà lára bàtà rẹ̀. Ìyá Kọ́kọ́rọ́ ti pọ́n ẹnu rẹ̀ sílẹ̀ dè é. Bó bá wá jà, wọ́n á jọ jà á.

Aránṣọ kúnlẹ̀. "Ẹ má bínú, mà. Ilé tẹ́ ẹ fún wa ti wó. A ò mọ ohun tá a ṣe sí i. Ìyá mi ní kí n wá bẹ̀ yín, pé àwọn ò fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú oore yín. Orúkọ yín ló fi ń gbàdúrà lórí ibùsùn ọsibítù."

Ẹni tó ṣẹ̀ wà lórí àga, ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ ló ń bẹ̀bẹ̀. Gbogbo fọ́tò tó wà lára ògiri wá dà bí ojú tó ń wò ó.

Lọ́sàn-án ọjọ́ náà ló lọ bá Bàbá Kókókó nílé. Ó bá a lórí ìjókòó gbọọrọ kan, ó ń ṣa òkúta kúrò nínú ẹ̀wà. Ìyá Kọ́kọ́rọ́ kò tilẹ̀ kí i. Àbí o rò pé ìgbéraga kì í bá ènìyàn dé ẹnu ọ̀nà ìrònúpìwàdà?

"Kí ló dé tẹ́ ẹ ò pariwo? Ẹ mọ̀ pé èmi ni."

"Mo mọ̀."

"Ẹ bú mi nígbà náà."

"Mo fẹ́ bú yín, ìyàwó mi ló ti bú èyí tó dára jù tán." Bàbá da ẹ̀wà sí ẹ̀gbẹ́ kan. "Inú bí mi o. Láti àná títí di àárọ̀ yìí ni mi ò lè jẹun. Lẹ́yìn náà mo rántí pé Ẹnì kan ti ru ẹ̀bi tí kì í ṣe tirẹ̀ nítorí tèmi rí, kò sì pariwo. Ẹ jókòó."

"Mi ò jókòó. Mo máa tún ògiri náà mọ. Mo máa san owó ọsibítù. Mo lè san án."

"Ẹ san án. Ó tọ́ kẹ́ ẹ san án. Irọ́ tẹ́ ẹ wá pa ńkọ́, bíríkì mélòó lẹ máa fi dí ojú ibẹ̀?"

Ẹsẹ̀ rẹ̀ ló kọ́kọ́ gbà kí ọkàn rẹ̀ tó gbà. Ó jókòó sílẹ̀, kì í ṣe sórí ìjókòó. Àdúrà rẹ̀ kò gùn. Ó ní:

"Jésù, irọ́ ni mo pa. Mi ò rí ògiri náà. Pàtẹ́wọ́ ló wù mí. Mo ti ń sọ pé mi ò ní ẹ̀ṣẹ̀, èyí náà irọ́ ni. Mi ò ní nǹkan kan lọ́wọ́ tí mo máa fi tù ọ́. Gbà mí báyìí."

Ojú ọ̀run kò ya, ilẹ̀ kò mì. Bàbá ṣáà ń ṣa ẹ̀wà rẹ̀, omi ń bọ́ lójú òun náà. Ṣùgbọ́n ohun tó ti di lé obìnrin náà láyà fún ogójì ọdún jábọ́, ó sì mí kanlẹ̀ bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ ẹrù kalẹ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó gbé bébà pélébé náà síwájú máníjà, ó gbé àmì ẹ̀yẹ tì í.

Máníjà kà á. Ó dìde, ó ti ilẹ̀kùn. "Fa nǹkan yìí ya. Bàbá ti lọ, ọ̀rọ̀ ti tán."

"Kò tíì tán, sà."

"Ṣé o mọ̀ pé iṣẹ́ á bọ́ lọ́wọ́ rẹ?"

"Kó bọ́."

"Wọ́n á pè ọ́ ní òpùrọ́ káàkiri ìlú."

"Wọn ò ní ṣì mí pè. Òpùrọ́ ni mí lóòótọ́, kí Jésù tó gbà mí lánàá."

"O ò tiẹ̀ bẹ̀rù?"

"Mo ń bẹ̀rù, sà. Ṣùgbọ́n bẹ́ ẹ bá fa bébà yẹn ya, mo máa tún un kọ. Bẹ́ ẹ bá tì mí jáde, ìta ni mo ti máa sọ ọ́. Ẹ ò lè lé mi kúrò lọ́dọ̀ Jésù, ẹ̀yin kọ́ lẹ fi mí síbẹ̀."

Wọ́n lé e. Wọ́n pe Bàbá Kókókó padà, wọ́n bẹ̀ ẹ́, ó sì gba owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀ nígbà tó tó. Ìyá Kọ́kọ́rọ́ ta ọkọ̀ rẹ̀, ó fi san ti ògiri àti ti ọsibítù. Ó lọ kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn ìyá àgbà, ó jẹ́wọ́ gbogbo ẹ̀. Ìyá àgbà ní, "Màá dárí jì ọ́. Má retí pé kó jẹ́ lónìí." Ó gbà bẹ́ẹ̀, ó ń lọ kí i lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ìdáríjì ti Jésù ló kọ́kọ́ dé. Ti ìyá àgbà fẹsẹ̀ rìn wá.

Títí dòní, iṣẹ́ yìí náà ló ń ṣe, ní ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kékeré kan tí kò ní ju tábìlì méjì lọ. Ó ṣì ń bá ènìyàn wá ilé, inú rẹ̀ ṣì ń dùn sí i. Ohùn tó fi ń kọrin nìkan ló yàtọ̀:

Èṣù, pe ẹjọ́ mi, mi ò ní sá.
Òótọ́ lo wí, mo jẹ̀bi.
Ṣùgbọ́n Olúwa mi dìde nílé ẹjọ́,
Ó ní tòun ni mí.

Ìwọ tó ń ka ìwé yìí, mi ò mọ iṣẹ́ rẹ. Bóyá olùkọ́ ni ọ́, bóyá nọ́ọ̀sì, bóyá ìyá ilé tí gbogbo àdúgbò ń yìn. O mọ iṣẹ́ rẹ, ẹnikẹ́ni ò rí àléébù sí i. Ó dára. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ rere kò kú fún ọ. Ìyìn ènìyàn kò jí dìde nítorí rẹ. Jésù nìkan ló kú, Òun nìkan ló jí dìde, kò sì bẹ̀rù ohun tó wà nínú rẹ.

Má sọ pé o fẹ́ kọ́kọ́ tún ayé rẹ ṣe. Má sọ pé ó dọ̀la. Ọ̀tá tó ń sọ fún ọ pé àyè ṣì wà, sọ fún un pé o ti gbọ́ tẹ́lẹ̀. Ibi tó o jókòó sí yẹn tó. Bí ẹnu rẹ bá ń gbọ̀n, fi ẹnu tó ń gbọ̀n náà pè É, kó o sọ ohun tó o ṣe gan-an, láìfi nǹkan bò ó. Ó ń gbọ́.