Kí Hántú Tó Kan Ọ̀fun Tàjùdéèn

Ilé Tàjùdéèn ní àdúgbò Kirkissoye kún fọ́fọ́. Àwọn tí wọ́n jọ ń ta aṣọ ní ọjà Grand Marché ti wá kí i, nítorí àìsàn rọpárọsẹ̀ tó kọ lù ú. Ẹbí ló bẹ ọsibítù pé kí wọ́n tètè yọ̀ǹda rẹ̀ wá sílé. Ànísátù ìyàwó rẹ̀ rò pé kò ku ohun kan mọ́ ju kó jẹ, kó mu, kó sì lágbára.

Àáfáà Àbdùlmàlíkì wọlé láti àdúgbò Wadata. Ọmọ Ìlọrin ni, òun ló kọ́ Tàjùdéèn ní kéú. Fúnra rẹ̀ ló kọ ọ̀rọ̀ Ọlọ́run sára wàláà, tó fọ̀ ọ́ sínú ìgò kan.

"Ìyá Rùqáyyà," ló wí fún Ànísátù, "ẹ bu hántú yìí sí i lẹ́nu. Ní ìdùbúlẹ̀ yẹn náà ni kó mu ún."

Ọkàn Ànísátù kò balẹ̀. Omi tó fún ọkọ rẹ̀ láàárọ̀, ikọ́ ló fi wú títí omijé fi bọ́ lójú rẹ̀. Láti ìgbà náà ni ohùn rẹ̀ ti ń dún bí ẹni tí omi há sí lọ́fun, ara rẹ̀ sì ń gbóná. Ṣùgbọ́n ta ni yóò kọ̀ sí àáfáà lẹ́nu? Ojú ń tì í, ẹ̀rù sì ń bà á. Ó gbé ife.

"Haba! Tantie, ẹ dúró!"

Kàfáyá ni, ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, tó wà lára àwọn tó ń kọ́ aláìsàn bí wọ́n ṣe ń gbé nǹkan mì ní ọsibítù. Ó kúnlẹ̀ níwájú àáfáà.

"Ẹ má bínú, bàbá. Àìsàn tó mú wọn lápá lè mú wọn lọ́fun. Omi á ṣìnà, á wọ ẹ̀dọ̀fóró. Ó ń pa èèyàn."

Ojú àáfáà le. "Hántú ni yóò pa á?"

"Kì í ṣe hántú, bàbá. Bó jẹ́ tíì ni, bó jẹ́ omi lásán ni, bákan náà ni. Ohun tó bá ṣàn ló ń yára ṣìnà jù."

Àáfáà wo ìgò, ó wo akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ àtijọ́ tó ń mí gúlegúle. Ó dé ìgò náà. "Ẹ wá táksì."

Táksì gbé wọn kọjá afárá Kennedy dé ọsibítù. Dókítà ní àìsàn ti ń wọ ẹ̀dọ̀fóró, àmọ́ wọ́n tètè gbé e dé.

Nígbà tí ara Tàjùdéèn balẹ̀, Kàfáyá àti ọ̀gá rẹ̀ yẹ ọ̀fun rẹ̀ wò, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ọ: kó jókòó ṣánṣán, kó tẹ àgbọ̀n sí ọ̀nà àyà, kó gbé ti ẹnu mì tán kí òmíràn tó wọlé. Nígbà mìíràn inú á bí i, á ti ṣíbí dànù. Àáfáà ń wá ṣàdúrà fún un, hántú ló sì ń fi pa á lápá.

Ọjọ́ tó padà sílé, àáfáà fúnra rẹ̀ ló to ìrọ̀rí sí i lẹ́yìn. Ànísátù fi ṣíbí kékeré bu kókó, ìyẹn ẹ̀kọ tó ki, bí wọ́n ṣe júwe rẹ̀ ní ọsibítù. Gbogbo ojú wà lọ́fun Tàjùdéèn. Ó gbé e mì. Kò wúkọ́.

"Ẹ sọ̀rọ̀ ká gbọ́," ni Kàfáyá wí.

"Ṣúgà rẹ̀ kò tó," ni Tàjùdéèn fèsì. Ohùn rẹ̀ mọ́ gaara. Ànísátù bú sẹ́kún ayọ̀.

Ẹ̀yin ará wa, bí rọpárọsẹ̀ bá kọ lu èèyàn yín, ẹ má fi nǹkan kan sí i lẹ́nu títí àwọn onímọ̀ yóò fi yẹ ọ̀fun rẹ̀ wò. Bó bá ń wúkọ́ nídìí oúnjẹ, bí ohùn rẹ̀ bá ń dún bí omi, tàbí tí ara rẹ̀ gbóná, ẹ gbé e lọ sí ọsibítù kíá. Ọ̀fun tó gbàgbé iṣẹ́ rẹ̀ ṣeé kọ́ padà, tí a bá ní sùúrù. Bó ti wù kí ẹni tó gbé omi wá lọ́lá tó, ẹ ní kó dúró ná. Ẹ má jẹ́ kí ìtìjú pa aláìsàn yín.