Oògùn Tí Kò Dé Ewé Inú

Ìyá Adúmáadán ṣí ewé kùkúńbà kan sókè, ó wo abẹ́ rẹ̀, ó tún ṣí òmíràn. Gbogbo èyí tó wà nínú lọ́hùn-ún ti funfun báláú, bí ẹni pé ẹnì kan bu ìyẹ̀fun wọ́n ọn. Ó nàró, ó káwọ́ lérí.

"Dókítà Ewé ti rẹ́ mi jẹ," ló wí. "Oògùn kọ́ ni ọkùnrin yìí tà fún mi."

Orúkọ ẹ̀fẹ̀ ni Dókítà Ewé. Ọkùnrin tó ń ta oògùn oko ni, kò sì sí àrùn ewé tí kò lè júwe fún ọ títí oorun á fi máa kùn ọ́. Òun ló ta oògùn náà, ìyẹ̀fun pupa rúsúrúsú kan, fún wọn, tó kìlọ̀ pé ṣíbí kan péré ni sí garawa omi kan, àti pé ó gbọ́dọ̀ kan òkè ewé, kó kan abẹ́ rẹ̀.

Adúmáadán dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé tí wọ́n fi ọ̀rá bò, tí wọ́n gbin kùkúńbà náà sí. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni, ó sì mọ ohun tó ṣe ewé. Ní ọjọ́ Sátidé tí ìyá rẹ̀ rìnrìn àjò, ìyá ló ní kó fín oògùn náà sí ebè mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ. Ó fín méjì tó wà lẹ́nu ọ̀nà, ni ọ̀rẹ́ rẹ̀ bá ké sí i látojú títì pé ayàwòrán ti dé ilé ìwé, gbogbo kíláàsì ti tò, àbí ewé ni yóò bá a ya fọ́tò? Ó da omi oògùn tó kù nínú garawa sẹ́yìn dúrọ́ọ̀mù omi, ó bẹ́sẹ̀ sọ̀rọ̀. Nígbà tí ìyá rẹ̀ dé, ẹnu ọ̀nà ló ti yọjú wo ebè méjì náà, ló bá kí i kú iṣẹ́. Ọmọ náà sì dáhùn.

Ní báyìí, ìyá rẹ̀ ti ń ro tibi ro tọ̀hún. Ó ní ẹ̀rín ọkùnrin náà ti pọ̀ jù lọ́jọ́ náà. Ó ní ẹnu ọ̀rá oògùn yẹn kò lẹ̀ dáadáa. Lójijì ló yíjú sí ọmọ rẹ̀.

"Nígbà tí o pò ó, ṣé ó rùn bó ṣe yẹ?"

"Kò fi bẹ́ẹ̀ rùn, Màmá."

"Mo mọ̀. Ìfura loògùn àgbà."

Bẹ́ẹ̀ ni, àmọ́ àgbà náà a máa ṣi oògùn lò.

Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, ìyá lọ sí ṣọ́ọ̀bù Dókítà Ewé, ó pè é ní oníjìbìtì lójú àwọn oníbàárà. Ọkùnrin náà bẹ̀ ẹ́ pé kó jẹ́ kí òun wá wo ewé náà. Ìyá kọ̀. Obìnrin méjì gbé ọjà tó wà lọ́wọ́ wọn sílẹ̀, wọ́n jáde. Adúmáadán wà lẹ́yìn ìyá rẹ̀, ó ń wo ilẹ̀. Láti ìgbà náà lara rẹ̀ kò ti balẹ̀ mọ́. Bí ìyá rẹ̀ bá pè é, á rò pé àṣírí ti tú.

Lọ́jọ́ kejì, ó rí ìyá rẹ̀ tó ń bu ṣíbí mẹ́ta oògùn náà sí garawa omi kan.

"Màmá, ṣé kò ní pọ̀ jù?"

"Ohun tí kò lágbára, báwo ló ṣe máa pọ̀ jù?"

Kàkà kó jẹ́wọ́, ọmọ náà gbé àpò ìwé rẹ̀, ó lọ sílé ìwé.

Ìyá fín in sí gbogbo ebè, oòrùn ọjọ́ méjì ló sì jẹ́rìí. Etí àwọn ewé jóná, wọ́n ká jọ, àwọn èso kéékèèké sì ń já bọ́. Ìyá rẹ̀ jókòó sórí garawa tó dojú dé, omi lójú rẹ̀. Ó ní májèlé ni ọkùnrin náà wá tà fún òun, òun yóò lọ sọ fún ẹgbẹ́ àgbẹ̀ kí wọ́n ti ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ pa. Ó ti ń wá bàtà rẹ̀ nígbà tí Adúmáadán kúnlẹ̀.

"Màmá, kì í ṣe òun. Èmi ni."

Ó sọ gbogbo rẹ̀. Ìyá rẹ̀ kò nà án. Ó kàn wò ó títí, bí ẹni tó ń wo àlejò tí kò dá mọ̀.

"Dìde. Ibi tí mo ti bú u ni wàá ti sọ ọ́."

Nígbà tí wọ́n dé ṣọ́ọ̀bù Dókítà Ewé, ìyá fúnra rẹ̀ ló kọ́kọ́ tọrọ àforíjì. Adúmáadán wá kúnlẹ̀, ó jẹ́wọ́ lójú gbogbo àwọn tó ń rajà, ojú sì tì í gidi. Dókítà Ewé gbọ́ ọ dópin.

"Mo ti dárí jì yín," ló wí. "Àmọ́ àwọn obìnrin méjì tó jáde lọ́jọ́ yẹn kò sí níbí. Ta ni yóò bá mi sọ fún wọn?"

Sátidé mẹ́ta ni Adúmáadán fi wá wọn kiri. Ó rí ọ̀kan. Èkejì ti kó lọ sí ìlú mìíràn, kò sì sẹ́ni tó mọ iye ènìyàn tó ti kìlọ̀ fún nípa ọkùnrin náà.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, iṣẹ́ tí ẹ kò bá parí, ẹ jẹ́wọ́ rẹ̀ nígbà tó ṣì kéré. Ọdún tó ń bọ̀, wọn á tún kùkúńbà gbìn. Ṣùgbọ́n ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́, kì í sì í ṣe gbogbo ibi tó fọ́ sí lẹsẹ̀ ẹni lè dé.