Orúkọ Tó Bó Lára Irin

"Ta ló ha irin yìí?" Bàbá Ràmọ́tà gbé ìdérí ẹ́ńjìnnì ìgégi àlòkù náà sójú oòrùn.

"Èmi ni, sà," ni Ṣàngódùnní dáhùn.

"O káre láé. Ìpẹtà kankan ò sí níbẹ̀ mọ́. Tó o bá kùn ún tán, kọ orúkọ sí i, kí àwọn oníbàárà mọ ẹni tó ṣe é."

Ọ̀rọ̀ náà dun Ràmọ́tà dọ́kàn. Láti ìgbà tó ti wọ sẹ́kọ́ńdìrì ló ti ń kun irin ní ṣọ́ọ̀bù bàbá rẹ̀ ní Ògbómọ̀ṣọ́, wọn ò sì sọ fún un rí pé kó kọ orúkọ sí nǹkan kan. Ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ yìí ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Ọ̀yọ́ wá lo ọlidé ni, gbogbo ilé wá ń pe Ṣàngódùnní ṣáá. Àní ẹran tó tóbi jù nínú ìkòkò, òun ni ìyá Ràmọ́tà ń bù ú fún. Owú ń jẹ Ràmọ́tà gan-an.

Bàbá lọ kírun ọ̀sán. Ṣàngódùnní fi epo bẹntiróò fọ irin náà kí ọ̀dà lè dì mọ́ ọn, ó sì lọ ra ọ̀dà ní Sábó. Ó wá ku Ràmọ́tà nìkan. Ó mọ̀ dájú pé ọ̀dà kì í dúró lára irin tó bá ní ọ́ìlì. Ó wọ̀tún wòsì, ó mú àkísà tí wọ́n fi ń nu ọ́ìlì, ó sì fi ra irin náà fẹ́ẹ́rẹ́.

"Kó wá kọ orúkọ ọ̀hún ká rí i," ló ń sọ lábẹ́nú.

Lọ́jọ́ kejì, tí Ṣàngódùnní ti kùn ún tí ọ̀dà sì ti gbẹ, Alàgbà Ọládépò, agégi tó ni ẹ́ńjìnnì náà, ti Ìrẹsà dé. Ẹ́ńjìnnì pupa ń dán, inú alàgbà ń dùn, ó ń fọwọ́ pa á. Ni ọ̀dà bá ń ṣí sí i lọ́wọ́. Ó fi èékánná kan ibi tí wọ́n fi ọ̀dà funfun kọ̀wé sí, ìyẹn náà ṣí.

"Bàbá Ràmọ́tà, ẹ wo orúkọ yín lọ́wọ́ mi."

Ràmọ́tà sún mọ́ wọn. BÀBÁ nìkan ló ṣẹ́ kù lára irin. RÀMỌ́TÀ ti fọ́ wẹ́wẹ́ sí àtẹ́lẹwọ́ oníbàárà.

"Orúkọ tí gbogbo ayé mọ̀ yín sí ni mo kọ, sà," Ṣàngódùnní ń sunkún. "Mo sì fọ irin yẹn dáadáa."

"O ò fọ̀ ọ́," ni bàbá sọ. "Lọ di ẹrù rẹ, Ọ̀yọ́ lo máa padà sí lọ́la."

Ohun tí Ràmọ́tà ń fẹ́ gan-an nìyẹn, ṣùgbọ́n ojú tì í. Ó kúnlẹ̀.

"Ẹ má lé e, bàbá mi. Èmi ni mo fi ọ́ìlì ra á. Owú rẹ̀ ló ń jẹ mí. Mo rò pé orúkọ ara rẹ̀ ló máa kọ."

Alàgbà Ọládépò gbé ẹ́ńjìnnì rẹ̀ sẹ́yìn ọ̀kadà, ó lọ. Títí ọlidé fi parí, agégi kankan ò ti Ìrẹsà gbé iṣẹ́ wá mọ́.

"Orúkọ ẹlòmíràn lo fẹ́ bà jẹ́," ni bàbá sọ, "tìrẹ àti tèmi lo bó dànù."

Ṣàngódùnní nu ojú rẹ̀, ó na sánpépà kan sí Ràmọ́tà pé kí wọ́n jọ ha irin mìíràn. Ràmọ́tà gbà á. Ó ti wá yé e pé ìyìn tí wọ́n fún Ṣàngódùnní ò dín tòun kù. Owú tí òun jẹ ló ba tòun jẹ́.