Etí Òsì Bàbá Akọ̀wé

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni Akọ̀wé pe bàbá rẹ̀ láti apá òsì, tí kò dáhùn. Ó rọra bọ́ sí apá ọ̀tún, ó sì pè é kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. Kíá ni bàbá yíjú padà. Ara fu ọmọ náà.

Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni. Ọwọ́ ìkọ̀wé rẹ̀ tó gún régé ló jẹ́ kí wọ́n máa pè é ní Akọ̀wé nílé ẹ̀kọ́. Òmùwẹ̀ ni bàbá rẹ̀ ní ìlú etíkun wọn, níbi tí àwọn àlejò ti máa ń rọ́ wá nítorí oòrùn àti omi tó mọ́ gaara. Bàbá ló máa ń de àgbá atẹ́gùn tí wọ́n fi ń mí mọ́ wọn lẹ́yìn, tí á sì kó wọn wọ ìsàlẹ̀ omi lọ wo ẹja.

Láti ọjọ́ náà ni Akọ̀wé ti ń ṣọ́ ọ. Ó kíyè sí i pé tẹlifíṣọ̀n ti ń pariwo ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ó rí òwú ẹlẹ́jẹ̀ nínú ike ìdalẹ̀sí. Nígbà tó bèèrè, bàbá ní ẹ̀fọn ló jẹ òun. Ẹ̀fọn wo ló ń wọnú etí lọ jẹ èèyàn?

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú, bàbá wọ yàrá Akọ̀wé, ó ti ilẹ̀kùn, ó sì tẹ́ ìwé kan síwájú ọmọ náà. Ìwé tí dókítà fi jẹ́rìí ní èṣí pé ara bàbá le ni. Ọdọọdún ni ilé iṣẹ́ wọn ń gba tuntun.

"Ọdún inú rẹ̀ nìkan ni kí o bá mi yí padà," ó ní. "Ọwọ́ tìẹ ni ẹnikẹ́ni ò ní fura sí."

"Kí ló dé tí ẹ ò lọ rí dókítà, bàámi?"

"Ṣé o fẹ́ kí n jókòó sílé ni?"

Akọ̀wé ò lè wojú rẹ̀. Ó mú gègé, ó fi ìlà kékeré kan tún nọ́ńbà ìkẹyìn ṣe.

Lówùúrọ̀ ọjọ́ kejì, ẹsẹ̀ rẹ̀ ò gba ọ̀nà ilé ẹ̀kọ́. Etíkun ló gbà lọ. Ó rí bàbá rẹ̀ nínú ọkọ̀ ojú omi tó ṣì wà létí omi, pẹ̀lú àlejò ọkùnrin kan. Àlejò náà jókòó sápá òsì bàbá, ó ń sọ pé atẹ́gùn àgbá òun ò jáde dáadáa. Bàbá kàn ń rẹ́rìn-ín, ó ń wọ bàtà omi rẹ̀ lọ.

Akọ̀wé sáré wọ ọ́fíìsì ọ̀gá ilé iṣẹ́ bàbá rẹ̀, obìnrin kan tí kì í gba gbẹ̀rẹ́.

"Èmi ni mo yí ọdún inú ìwé dókítà tí bàámi mú wá," ó ní. "Bàámi ò fi etí òsì gbọ́ràn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí wọ́n wọ omi."

Ọ̀gá dá ọkọ̀ dúró. Nígbà tí wọ́n yẹ àgbá àlejò wò, díẹ̀ báyìí ni ẹnu àgbá náà ṣí. Ọjọ́ yẹn gan-an ni wọ́n yọ bàbá kúrò lẹ́nu iṣẹ́ inú omi. Ilé ẹ̀kọ́ náà gbọ́, Akọ̀wé sì fi ọ̀sẹ̀ méjì gbálẹ̀ kíláàsì nítorí ìwé tó yí. Dókítà rí ihò lára awọ inú etí òsì bàbá. Ó ní bí omi tútù bá wọ̀ ọ́ nísàlẹ̀, òòyì ni yóò máa kọ́ ọ, kò ní mọ òkè yàtọ̀ sí ilẹ̀.

Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni bàbá ò fi bá Akọ̀wé sọ̀rọ̀. Lọ́jọ́ kẹwàá, ó jókòó tì í.

"Kí ni ọkùnrin yẹn ń sọ fún mi nínú ọkọ̀?"

Akọ̀wé sọ fún un. Bàbá fi ọwọ́ bojú.

"O ṣeun," ó ní.

Ó wá yé Akọ̀wé pé kì í ṣe ìfẹ́ ni kéèyàn máa bá ẹni tó fẹ́ràn fi ohun tó lè ṣekú pa á pamọ́. Ẹni tó bá fẹ́ràn bàbá rẹ̀ lóòótọ́ á sọ òótọ́, bí bàbá tilẹ̀ máa bínú.