Imú Tó Kú Nílé Ìpọntí

"Bàbá, ìyàwó mi ò gbóòórùn nǹkan kan mọ́. Imú ẹ̀ ti kú!"

Ọkọ rẹ̀ ló sọ ọ́ síta bẹ́ẹ̀, lójú gbogbo òṣìṣẹ́ ilé ìpọntí. Ọkùnrin aláìnítìjú! Àṣírí tí obìnrin yìí, tó ń bá wọn tọ́ bíà wò níbẹ̀, fomijé sọ fún un ní yàrá ni, pé láti ìgbà tí ọ̀fìnkìn burúkú kan ti ṣe òun, bíà ò yàtọ̀ sí omi kíkorò lẹ́nu òun mọ́. Ó bẹ̀ ẹ́ títí pé kó bo òun láṣìírí. Ṣùgbọ́n kòkòrò tó ń jẹ̀fọ́, ìdí ẹ̀fọ́ ló wà. Àbúrò ìyàwó, tí wọ́n gbà sílé kó máa fọ ìgò, òun ni ọkọ ń bá sùn, òun náà ló sì fẹ́ gbé jókòó sípò ẹ̀gbọ́n.

Bàbá ọkọ, tó ni ilé ìpọntí, ti darúgbó, ó fẹ́ fa ibẹ̀ lé ẹni tó mọ bíà tọ́ wò lọ́wọ́. Ó wọlé, ó gbé ife bíà mẹ́ta jáde, ó ní kí tẹ̀gbọ́n-tàbúrò tọ́ wọn wò, kí wọ́n sọ bí hóòpù inú wọn, òdòdó tó ń mú bíà korò tó sì ń jẹ́ kó ta sánsán, ṣe yàtọ̀ síra.

Àbúrò ló kọ́kọ́ mu. Ó dijú bí ẹni tó mọṣẹ́. Ó ní àkọ́kọ́ ń ta sánsán bí ọsàn, ìkejì bí mángòrò, ìkẹta ló korò jù, ó ń rùn bíi koríko tútù. Inú ọkọ ń dùn ṣìnkìn.

Ó kan ìyàwó. Àkọ́kọ́ korò. Ìkejì korò. Ìkẹta náà korò. Ó fa èémí símú títí àyà fi ń dùn ún, kò gbóòórùn kankan. Ì bá purọ́, àmọ́ irọ́ wo ni ì bá pa? Ó kúnlẹ̀.

"Ẹ má bínú, Bàbá. Ọ̀kan náà ni gbogbo wọn lẹ́nu mi."

"Ọ̀kan náà ni wọ́n," ni bàbá wí. "Inú àgbá kan ṣoṣo ni mo ti bù wọ́n. Ẹni tó lè purọ́ fún mi á purọ́ fún oníbàárà." Ó wá kọjú sí ọmọ rẹ̀. "Ìwọ àtàbúrò ìyàwó ẹ, ẹ̀yin tẹ́ ẹ rò pé mi ò rí yín, ẹ kẹ́rù yín, kẹ́ ẹ jáde nílé mi."

Ọkọ ń búra, ó ń fọwọ́ lérí, pé òótọ́ lòun sọ, imú ìyàwó òun kú. Wọ́n fi í rẹ́rìn-ín títí ó fi dé ẹnu ọ̀nà.

Wọ́n kó kọ́kọ́rọ́ lé ìyàwó lọ́wọ́, wọ́n kí i kú oríire. Ó wọ yàrá tí wọ́n ń kó hóòpù sí, ó tú àpò tuntun kan, ó sì ki gbogbo ojú bọ inú ẹ̀. Kò gbóòórùn ohunkóhun. Ta ni kó sọ ọ́ fún? Ẹnì kan ṣoṣo tó mọ̀ pé òótọ́ ni, wọ́n ti lé e jáde.