Ọkùnrin Tó Ń Wọn Òkun ní Tanke

Mansur búra sí ọ̀rọ̀ yìí, kì í sì í ṣe ẹni tó ń búra kiri. Ẹni tó bá fẹ́, kó pè é ní irọ́. Ó ṣẹlẹ̀.

Àdúgbò Ṣàngó ni ṣọ́ọ̀bù tí Mansur ti ń tún fóònù ṣe wà. Tanke ni òun àti Zahrah, ìyàwó rẹ̀, ń gbé, nítorí Zahrah ń kàwé ní yunifásítì. Ìtàn bí àwọn òyìnbó ṣe ya máàpù etíkun wa láyé àtijọ́ ló ń kọ́. Ó ti ṣàlàyé rẹ̀ fún ọkọ rẹ̀ rí: ọkùnrin kan á dúró níwájú ọkọ̀, á ju òjé tí wọ́n so mọ́ okùn sínú omi, á wá ké bí òkun ṣe jìn tó síta kí ẹlòmíràn kọ ọ́, kí ọkọ̀ tó ń bọ̀ lẹ́yìn má bàa há sórí iyanrìn.

Ẹ̀dà irú máàpù bẹ́ẹ̀ kan, ti etíkun Èkó, ló lẹ̀ mọ́ ògiri yàrá. Ọkùnrin kan ṣoṣo ló wọn òkun ibẹ̀, òun náà ló sì yà á. Zahrah kì í kúrò nídìí rẹ̀.

"Ẹ wo ọwọ́ rẹ̀," á ní. "Ẹ wo bó ṣe fara balẹ̀."

Ó ti pẹ́ tó ti yin Mansur bẹ́ẹ̀ gbẹ̀yìn. Mansur bẹ̀rẹ̀ sí í jowú. Ojú ń tì í, torí òkú ló ń bá jowú. Síbẹ̀, oúnjẹ ò lọ lẹ́nu rẹ̀ mọ́.

Lọ́jọ́ kan, ó tètè dé, lẹ́yìn ìrun Aláásárì. Kò síná. Àdúgbò pa lọ́lọ́. Ó gbọ́ ẹ̀rín Zahrah nínú yàrá, ẹ̀rín jẹ́jẹ́. Nǹkan tó wúwo já sínú omi. Ohùn ọkùnrin ké nọ́ńbà kan lédè òyìnbó. Ohùn náà jìn, ó sì ha.

Mansur ti ilẹ̀kùn yàrá wọlé. Zahrah nìkan ló bá. Ilẹ̀ rin fún omi. Ó fi ìka kàn án, ó tọ́ ọ wò. Iyọ̀.

"Ta ló wà níbí?"

"Èmi ni."

"Mo gbọ́ ohùn ọkùnrin."

Ojú Zahrah fà ro. "Ẹ̀yin náà gbọ́ ọ? Mo rò pé èmi nìkan ló ń bá sọ̀rọ̀."

Lọ́jọ́ kejì, nígbà tí Zahrah lọ sí kíláàsì, Mansur já máàpù náà lára ògiri, ó sun ún lẹ́yìnkùlé. Èéfín rẹ̀ ń rùn bí ẹja tútù.

Zahrah dé, ó bá ògiri lásán. Kò jà.

"Báwo ló ṣe máa mọ ọ̀nà padà?"

"Padà síbo?"

Ohùn náà ló ké. Mẹ́fà. Òjé já sómi. Márùn-ún. Ohùn náà ti kúrò nínú yàrá, ó ti wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Mẹ́ta.

"Kí ló dé tí nọ́ńbà náà ń dín kù?" Mansur béèrè.

"Ó ń sún mọ́ ilẹ̀ ni."

Ìdí ọkọ̀ ha iyanrìn lẹ́nu ọ̀nà. Zahrah dìde, ó tún ìborùn rẹ̀ wé, ó fọwọ́ na aṣọ rẹ̀. Ó ti pẹ́ tó ti múra báyẹn fún Mansur gbẹ̀yìn.

Mansur gba ẹ̀yìn jáde. Kò sẹ́ni tó pè é padà.

Ní Ṣàngó ló ń sùn báyìí, láàárín fóònù àwọn oníbàárà. Zahrah ṣì wà nílé. Bí ará àdúgbò bá kanlẹ̀kùn, tí wọ́n béèrè bóyá baálé wà, á ní ó wà, ó ń sinmi. Ilẹ̀ ọ̀dẹ̀dẹ̀ tó wà lẹ́yìn rẹ̀ á sì rin fún omi iyọ̀.