Èémí Tó Wọ Inú Ẹ̀rọ

Ọjọ́bọ̀ tí gbogbo ìlú Łódź máa ń jẹ dónọ́ọ̀tì kí ààwẹ̀ tó wọlé ni wọ́n kọ́kọ́ tan ẹ̀rọ tuntun kan. Èèyàn kún yàrá ìwádìí fọ́fọ́, ṣúgà funfun lẹ̀ mọ́ ètè kálukú. Ọ̀jọ̀gbọ́n Halina pàtẹ́wọ́.

"Ẹ sún sẹ́yìn, kẹ́ ẹ di èémí yín mú. Ooru ẹnu yín á ba iṣẹ́ jẹ́."

Kalina, akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀, ń so ike tẹ́ẹ́rẹ́ kan mọ́ ẹ̀mú méjì tí yóò fà á. Bó ṣe gbójú sókè báyìí, ojú òun àti ọ̀dọ́mọkùnrin kan ní òdìkejì ẹ̀rọ ṣe mẹ́rin. Àjèjì ni, Jaromir, ará ìlú Brno lórílẹ̀-èdè tó múlé tì wọ́n, tí ilé-iṣẹ́ tó ta ẹ̀rọ náà rán wá láti tò ó. Ṣúgà wà ní góńgó imú rẹ̀. Àwọn méjèèjì di èémí mú, wọ́n ń wo ara wọn, ike ń nà láàárín wọn. Ike já. Gbogbo ilé mí, àwọn méjèèjì ò mí.

"Ẹ̀yin méjì yẹn, ẹ lè mí báyìí," Ọ̀jọ̀gbọ́n Halina ní, "àbí ẹ fẹ́ kú sí mi lọ́rùn ni?"

Ọdún mẹ́ta ni Kalina ti ń fi ìmọ́lẹ̀ tí ojú kò lè rí wo inú ike, kó lè mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ kó tó já. Ẹ̀rọ àtijọ́ ló ń dá a lóró. Yóò fa ike díẹ̀, yóò dúró kí ẹ̀rọ wò ó fún odindi ìṣẹ́jú kan, kó tó wò ó tán, inú ike á ti dẹ̀ padà. Tuntun yìí, kí èèyàn tó ṣẹ́jú, ó ti wò ó lẹ́ẹ̀mẹwàá.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni Jaromir fi kọ́ Kalina bí wọ́n ṣe ń lò ó. Wọ́n jọ ń jẹ ọbẹ̀ ọ̀sán, wọ́n jọ ń rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n bí Kalina bá ti fẹ́ fa ike báyìí, ọkùnrin náà á lọ dúró sẹ́nu ọ̀nà.

"Ẹ sún mọ́ ibí, ẹ̀rọ yín ò ní bù yín jẹ."

"Ẹ̀rọ kọ́ ni mò ń bẹ̀rù, ẹlẹ́rọ ni."

Kalina á rẹ́rìn-ín, ọkàn rẹ̀ á sì máa pòùngbẹ. Ṣé bí ẹni tó fẹ́ràn èèyàn ṣe ń jìnnà sí i nìyí? Ó kọ lẹ́tà kan sí Jaromir, ó fi sínú àpò ẹ̀wù iṣẹ́ rẹ̀. Láràárọ̀ ló ń ní òní ni òun máa fún un. Ní ìrọ̀lẹ́, ẹ̀wù á padà sórí ìkọ́ pẹ̀lú lẹ́tà nínú. Nígbà kan, díẹ̀ ló kù kí alágbàfọ̀ fọ lẹ́tà náà mọ́ ẹ̀wù.

"Ẹni tó wá to ẹ̀rọ," ìyá rẹ̀ kìlọ̀, "tó bá tò ó tán, ilé rẹ̀ ló ń lọ."

Ọjọ́ Ẹtì tí Jaromir máa lọ pé. Aago mẹ́rin ọ̀sán ni ọkọ̀ ojú irin rẹ̀. Kalina so ike mọ́ ẹ̀mú, àmọ́ ọkàn rẹ̀ ò sí nílé, ó gbàgbé láti pa ìdérí ẹ̀rọ dé, èyí tó ń dín èémí tó ń wọlé kù. Ó jókòó ti kọ̀ǹpútà, ó kẹ̀yìn sí ẹ̀rọ. Ike nà, nà, ó já.

Nígbà náà ló rí i. Lórí ìlà tí ẹ̀rọ ń yà, ìgbì kéékèèké ń gòkè, wọ́n ń sọ̀ kalẹ̀. Ooru omi ni, irú èyí tó ń bá èémí èèyàn jáde. Ẹ̀rọ àtijọ́ ì bá ti pò wọ́n pọ̀ bí ẹ̀kọ. Ti tuntun yà wọ́n sọ́tọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Bí ike ṣe ń sún mọ́ àtijá ni wọ́n ń yára sí i.

Ó yíjú padà. Jaromir ló dúró ti ẹ̀rọ, báàgì rẹ̀ ní èjìká.

"Ṣé ẹ̀yin lẹ ń mí sí ike mi? Ẹ̀yin tẹ́ ẹ kì í kúrò lẹ́nu ọ̀nà?"

"Ẹ má bínú. Mo ní ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ. Mo ní kí ike kọ́kọ́ já. Ó já tán, ọ̀rọ̀ ò jáde."

"Kí wá ló dé tẹ́ ẹ ń mí bí ẹni tó sáré gun àtẹ̀gùn?" Ó nàka sí ìlà náà.

Ọkùnrin náà wò ó, etí rẹ̀ pọ́n. "Bí mo ṣe máa ń mí nìyẹn tí mo bá ti sún mọ́ yín, láti Ọjọ́bọ̀ àkọ́kọ́. Ìdí tí mo fi ń dúró lókèèrè nìyẹn. Mo mọ̀ pé ẹ̀rọ tí mo fọwọ́ ara mi tò máa tú àṣírí mi."

Kalina ti ọwọ́ bọ àpò. Lẹ́tà náà ti rún, etí rẹ̀ ti gbó.

"Gbà," ó ní. "Tìẹ ni, ọjọ́ ti pẹ́."

Jaromir ṣí i. Ìlà àkọ́kọ́ lẹ́tà náà sọ pé: *Brno ò jìnnà tó bí wọ́n ṣe ń sọ. Tí o bá ní kí n wá, mà á wá.*

Lẹ́yìn wọn, lójú kọ̀ǹpútà tó ṣì ń ya ìlà, ìgbì náà rọlẹ̀, ó tẹ́ pẹrẹsẹ.

"Mí, Jaromir," Kalina sọ jẹ́jẹ́.

Ìlà gbéra.

"Wá," ni ọ̀rọ̀ tó bá èémí náà jáde.